Ta Ni Yóò Dá Ọjọ́ Eré fún Àwọn Ọmọbìnrin Kosofe?

Ní oṣù kẹta ọdún 1990, orílẹ̀-èdè mẹ́jọ kó àwọn obìnrin wọn lọ sí ìlú Ottawa ní Kánádà láti wá figagbága nínú họ́kì orí yìnyín. Ẹni tí kò bá rí eré náà rí, kí ó fojú inú wo gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n fi omi dídì tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ pẹrẹsẹ. Àwọn eléré wọ bàtà tó ní irin bí ọ̀bẹ lábẹ́, wọ́n mú igi gígùn lọ́wọ́, wọ́n sì ń lé róbà pẹlẹbẹ dúdú kan kiri, kí wọ́n lè gbá a wọ inú àwọ̀n. Láti ọdún 1920 ni àwọn ọkùnrin ti ń ṣe ìdíje àgbáyé eré yìí. Àádọ́rin ọdún gbáko ló kọjá kí àjọ tó ń darí rẹ̀ tó fọwọ́ sí ti obìnrin. Àwọn ọmọ Kánádà tó gbàlejò tilẹ̀ wọ aṣọ píǹkì, nítorí àwọn tó ṣètò rẹ̀ ń wá ohun tí yóò mú kí ènìyàn yà wá wòran. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, Kánádà na Japan ní àmì ayò 18 sí òdo, ó na Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì ní 17 sí òdo, ó sì na Sweden ní 15 sí ẹyọ kan. Ẹni tó bá ka irú àbájáde bẹ́ẹ̀ lè sọ pé eré náà kò tíì gbó, pé kí àwọn obìnrin padà sílé lọ kọ́ ọ dáadáa kí wọ́n tó tún jáde sí gbangba. Àwọn tó ń darí eré náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n dá ọjọ́ mìíràn, wọ́n tún pàdé ní Finland ní ọdún 1992, wọ́n sì ń pàdé títí di òní. Nínú ìpinnu yẹn ni mo ti rí ohun tí mo fẹ́ bá àwọn ará Kosofe ní Èkó sọ, láti Kétu dé Mile 12, láti Ìkòsì dé Agbóyì. Ìdíje tí ọjọ́ rẹ̀ kì í yẹ̀ ló ń sọ ọmọbìnrin di eléré. Bí a bá ní kí eléré kọ́kọ́ pọ̀ kí a tó dá ọjọ́, kò sí ìgbà tí wọn yóò pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀rí rẹ̀. Obìnrin tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ní Ottawa lọ́dún náà ni Angela James, ọmọ aláwọ̀ dúdú tó dàgbà sí àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní ìlú Toronto. Góólù 11 ló jẹ nínú eré márùn-ún. Ó ti mọ eré yìí ṣe tipẹ́tipẹ́ kó tó di ọdún 1990, ṣùgbọ́n kò sí pápá tí ayé ti lè rí i. Ìdíje náà ló sọ orúkọ rẹ̀ di ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀, débi pé ní ọdún 2010, òun àti Cammi Granato ará Amẹ́ríkà ni obìnrin méjì àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà sínú ilé ọlá họ́kì tó wà ní Toronto. Àmọ́ ẹ̀rí Japan ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Lẹ́yìn àmì ayò 18 sí òdo yẹn, àwọn obìnrin Japan tún jìyà púpọ̀. Wọ́n gbàlejò Òlíḿpíìkì ní Nagano ní ọdún 1998, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi họ́kì obìnrin kún eré Òlíḿpíìkì, wọn kò sì borí nínú eré kankan níbẹ̀. Ní Sochi lọ́dún 2014, bákan náà ni. Ọdún 2018 ni wọ́n tó kọ́kọ́ borí nínú Òlíḿpíìkì, nígbà tí wọ́n na ẹgbẹ́ àpapọ̀ Kòríà ní 4 sí ẹyọ kan. Nígbà tó fi máa di ọdún 2022 ní Beijing, àwọn ló ṣe ipò kìíní nínú ìsọ̀rí wọn, wọ́n sì parí sí ipò kẹfà láàárín ẹgbẹ́ mẹ́wàá. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló wà láàárín ìyà Ottawa àti ọlá Beijing. Ní gbogbo àkókò yẹn, ọmọdébìnrin Japan tó bá mú igi họ́kì lọ́wọ́ mọ̀ pé ọjọ́ kan wà níwájú tí òun lè fojú sùn. Àwọn obìnrin Czech kò tilẹ̀ sí ní Ottawa. Ìdíje àwọn ìsọ̀rí ìsàlẹ̀ ni wọ́n gbà gòkè, wọ́n gba bàbà ní ọdún 2022 àti 2023, ìlú České Budějovice lọ́dọ̀ wọn ló sì gbàlejò ìdíje ti ọdún 2025.

Ẹnìkan lè dá mi lóhùn pé láti ọdún 1990 títí di 2025, kò sí ẹlòmíràn tó gba ife náà yàtọ̀ sí Kánádà, tó gbà á nígbà 13, àti Amẹ́ríkà, tó gbà á nígbà 11. Kí wá ni èrè àwọn yòókù? Òótọ́ ni, n kò sì fẹ́ fojú fo ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ife nìkan wọn ìdíje kò rí iṣẹ́ tí ìdíje ń ṣe. Ọjọ́ ọjà ló ń sọ ilẹ̀ gbalasa di ọjà. Nígbà tí gbogbo ènìyàn bá mọ̀ pé ọrọọrún ni wọ́n ń ná an, àgbẹ̀ á mọ ìgbà tí òun yóò wa iṣu, aláròóbọ̀ á mọ ìgbà tí òun yóò wá owó, ẹni tí kò tà lónìí á sì mọ ọjọ́ tí òun yóò tún padà wá. Bẹ́ẹ̀ ni ìdíje rí fún olùkọ́, fún òbí, fún ìjọba àti fún ọmọ tó ń sá eré lẹ́yìnkùlé. Ó tún ń fún obìnrin lágbára láti béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, àwọn obìnrin Amẹ́ríkà sọ pé àwọn kò ní jáde síbi ìdíje àgbáyé tí orílẹ̀-èdè àwọn fẹ́ gbàlejò rẹ̀, àfi bí àjọ họ́kì wọn bá san owó tó yẹ fún àwọn. Nígbà tó ku ọjọ́ mélòó kan kí eré bẹ̀rẹ̀, àjọ náà gbà fún wọn. Wọ́n jáde, wọ́n sì gba ife. Bí kò bá sí ọjọ́ tó ń bọ̀ níwájú, ta ni ìbá gbọ́ tiwọn? Àwọn Super Falcons tiwa, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin Nàìjíríà, mọ ọ̀nà yìí dáadáa. Ní ọdún 2004 wọ́n kọ̀ láti kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì wọn ní South Africa lẹ́yìn tí wọ́n gba ife Áfíríkà, títí dìgbà tí wọn yóò fi rí owó wọn gbà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2016 wọ́n wọ́de lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Àbújá, ife ọdún yẹn ṣì ń dán lọ́wọ́ wọn. Ìtìjú ńlá ni pé wọ́n ní láti ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ìdíje tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ borí nínú rẹ̀ ló jẹ́ kí ariwo wọn dé etí àwọn tó ni àṣẹ.

Yìnyín wá jìnnà sí wa ní Èkó, àfi èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹja òkú Èkó nínú firísà. Àmọ́ àwọn obìnrin Nàìjíríà ti dé orí yìnyín àgbáyé, ọmọ Yorùbá sì wà nínú wọn. Seun Adigun, tí wọ́n bí ní Chicago, ti sáré ìdíwọ́ ọgọ́rùn-ún mítà fún Nàìjíríà ní Òlíḿpíìkì London lọ́dún 2012. Ní ọdún 2016 ó bẹ̀rẹ̀ ohun tí ẹgbẹ́ Áfíríkà kankan kò gbé dé Òlíḿpíìkì rí. Ó fẹ́ dá ẹgbẹ́ bobsled sílẹ̀, ìyẹn eré tí ènìyàn méjì ti ń ti ọkọ̀ onírin kan sáré, tí wọ́n bẹ́ sínú rẹ̀, tó sì ń yọ̀ lọ ní ojú ọ̀nà yìnyín ní eré tó ń lọ sí nǹkan bíi 130 kìlómítà láàárín wákàtí kan. Nínú gáréèjì kan ní Houston ló ti fi pákó kan ọkọ̀ tí wọ́n fi ń dánra wò. Ó pe Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga mọ́ra, wọ́n sì tọrọ owó lọ́wọ́ ará ayé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òfin eré náà ni pé kí ẹgbẹ́ parí ìdíje márùn-ún lórí ojú ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kó tó lè lọ sí Òlíḿpíìkì. Wọ́n parí rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2018, ní Pyeongchang ní Gúúsù Kòríà, Nàìjíríà yọjú sí Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù fún ìgbà àkọ́kọ́, Onwumere ló sì gbé àsíá. Simidele Adeagbo náà wà níbẹ̀, obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tó kópa nínú skeleton ní Òlíḿpíìkì, ìyẹn eré tí ènìyàn ti ń dojú bolẹ̀ lórí ìjókòó irin kékeré, tí orí rẹ̀ ń ṣíwájú lọ sísàlẹ̀. Adigun àti Omeoga ṣe ipò ìkẹyìn. Adeagbo ṣe ipò ogún nínú ènìyàn ogún.

Ipò ìkẹyìn yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ṣe ọ̀rọ̀ sọ. Wọ́n ní kí la fẹ́ fi yìnyín ṣe, àti pé Amẹ́ríkà ló tọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí, kì í ṣe àwa. Ọ̀rọ̀ kejì yẹn ló yẹ kí a tú wò fínnífínní, nítorí òtítọ́ wà nínú rẹ̀, òtítọ́ náà sì wúlò fún wa ju bí àwọn tó ń sọ ọ́ ti rò lọ. Kí gan-an ni Amẹ́ríkà fún wọn? Kì í ṣe yìnyín. Houston ní Texas jẹ́ ìlú ooru tí yìnyín kì í sábàá bọ́ sí. Eléré ìje ni àwọn ọmọbìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà nínú ẹgbẹ́ bobsled yẹn kí wọ́n tó rí bobsled lójú, Adeagbo sì jẹ́ afò-lẹ́ẹ̀mẹta ní Yunifásítì Kentucky. Ohun tí Amẹ́ríkà fún wọn ni kàlẹ́ńdà. Láti ilé ẹ̀kọ́ girama títí dé yunifásítì, ọmọbìnrin mọ ọ̀sẹ̀ tí ìdíje ilé ẹ̀kọ́ bọ́ sí, ó mọ ọjọ́ ti ìpínlẹ̀, ó mọ ọjọ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Kò ní láti dúró de ẹni tí inú rẹ̀ yóò dùn kó tó gbé ife kalẹ̀. Ara tí wọ́n fi irú ìgbòkègbodò bẹ́ẹ̀ kọ́ fún ọdún mẹ́wàá lè lọ sórí yìnyín lẹ́yìn náà, ó lè lọ síbikíbi. Bó bá jẹ́ pé yìnyín ni ohun tí a kò ní, ì bá tán síbẹ̀, nítorí a kò lè bá ojú ọjọ́ jà. Kàlẹ́ńdà kò níí ṣe pẹ̀lú ojú ọjọ́.

Kí ló tẹ̀lé Pyeongchang? Ní Beijing lọ́dún 2022, ẹnìkan ṣoṣo ló ṣojú Nàìjíríà, Samuel Ikpefan, ọkùnrin tó ń sáré lórí yìnyín pẹ̀lú pákó ẹsẹ̀. Kò sí ẹgbẹ́ obìnrin. Ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ náà nìyí, kì í ṣe pé wọ́n ṣe ipò ìkẹyìn lọ́dún 2018. Ipò ìkẹyìn nínú ìsọ̀rí wọn ni àwọn obìnrin bọ́ọ̀lù wa náà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ sí ife àgbáyé obìnrin àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè China lọ́dún 1991, Jámánì na wọ́n ní 4, Ítálì na wọ́n ní ẹyọ kan, Taiwan na wọ́n ní méjì, wọn kò sì jẹ góólù kankan padà. Lọ́dún 1995, Norway na wọ́n ní 8 sí òdo. Ṣùgbọ́n ìdíje náà kò dúró. Lọ́dún 1998, Nàìjíríà gbàlejò ife Áfíríkà ti obìnrin, Abẹ́òkúta ni wọ́n sì ti gbá àṣekágbá tí wọ́n fi na Ghana ní 2 sí òdo. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, àwọn obìnrin kan náà dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kẹ́yìn ní ife àgbáyé, àkókò ìfikún ni Brazil sì tó rí wọn mú, ní 4 sí 3. Láti ìgbà náà wá, ife Áfíríkà ti di ohun tí a ń kà sí tiwa. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2025, ní Rabat, Morocco ti fi góólù méjì ṣíwájú kí àwọn Super Falcons tó dá mẹ́ta padà, tí wọ́n sì gba ife náà nígbà kẹwàá. Láàárín 1991 àti 2025, ohun kan ṣoṣo tí bobsled kò ní tí bọ́ọ̀lù obìnrin ní ni ọjọ́ tó ń padà wá.

Àwọn ará Èkó kò nílò kí wọ́n lọ sí Japan láti rí èyí. Ife àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama tí wọ́n ń pè ní Principals Cup ti mú ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin jáde. Láti St Finbarr's College ní Àkókà nìkan, Stephen Keshi àti Henry Nwosu jáde wá, àwọn méjèèjì sì gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà. Ọmọkùnrin ìgbà náà mọ̀ pé bí òun bá wọ ilé ẹ̀kọ́ kan pàtó, ife náà ń bọ̀ lọ́dún yìí, yóò tún bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Irú rẹ̀ wo ni ọmọbìnrin Kétu ní lónìí tó lè fi ọkàn tẹ̀? Bí a bá gba ojú ọ̀nà Mile 12 lọ, Ìkòròdú ni a ó dé, ibẹ̀ sì ni wọ́n bí Asisat Oshoala sí lọ́dún 1994. Ó gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù àti ti ẹni tó jẹ góólù jù ní ife àgbáyé àwọn ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún, ní Kánádà, lọ́dún 2014. Ó gba ife àwọn aṣíwájú ilẹ̀ Yúróòpù pẹ̀lú Barcelona, ó sì di agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó dára jù ní Áfíríkà nígbà mẹ́fà. Rasheedat Ajibade, ọmọ Muṣin, ni balógun tó gba ife ní Rabat. Ẹgbẹ́ aládàáni kan ní Èkó, FC Robo, ló gba àwọn méjèèjì nígbà tí wọ́n ṣì kéré. Ọlá ńlá ni fún ẹgbẹ́ náà. Àmọ́ ó yẹ kí ẹ̀rù bà wá pé àǹfààní ọmọbìnrin láti di Oshoala lè jẹ́ ti ẹni tí orí bá bá ṣe é, tó bá ṣe kòńgẹ́ ẹni tó ń wá irú rẹ̀. Mélòó ni kò ṣe kòńgẹ́ ẹnikẹ́ni láàárín Alápẹrẹ àti Agílítì?

Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn tó lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n sí ìjọba ìbílẹ̀ Kosofe, a sì mọ̀ pé wọ́n ti pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbìmọ̀ mẹ́ta ló ń darí ilẹ̀ náà báyìí: Kosofe fúnra rẹ̀, Ìkòsì-Ìṣẹ̀rì àti Agbóyì-Kétu. Ohun tí mo ń béèrè kò ju pé kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa owó pọ̀, kí wọ́n dá ọ̀sẹ̀ kan láàárín ọdún fún ìdíje àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ wọn, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìṣúná, kí ó má sì jẹ́ orúkọ alága kankan ni wọn yóò fi pè é, kí ẹni tó bá gba ipò lẹ́yìn rẹ̀ má baà pa á tì. Bọ́ọ̀lù ni o, eré sísá ni o, bọ́ọ̀lù aláfọwọ́jù ni o, họ́kì orí koríko tí kò nílò yìnyín ni o, èyíkéyìí tí àwọn olùkọ́ wọn bá lè kọ́ wọn dára. Mo mọ èsì àkọ́kọ́: àgbàrá ń gbé ilé lọ ní Ajégúnlẹ̀ àti Agílítì nígbà tí odò Ògùn bá kún tí wọ́n sì tú omi ìdídò Ọyán sílẹ̀, ọ̀nà inú àdúgbò kò dára, ènìyàn sì ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù? Ẹni tí omi wọ ilé rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fi ń gbẹ́ kòtò omi àti owó bọ́ọ̀lù, fèrè, adarí ìdíje àti ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan kò bá ara wọn dọ́gba rárá. Bí wọ́n bá dá ìdíje náà dúró, kò sí kòtò kan tí yóò tìtorí rẹ̀ jìn sí i. Omi náà tilẹ̀ lè tọ́ wa sọ́nà nípa ọjọ́ tó yẹ, torí oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ni ìṣòro rẹ̀ máa ń le jù. Ọ̀gbẹlẹ̀, láàárín oṣù kìíní àti ìkẹta, ni kí wọ́n dá ọjọ́ sí.

Èsì kejì wúwo jù fún mi, nítorí pé àwọn ìyá ló ń sọ ọ́. Ọmọbìnrin ló ń ran ìyá lọ́wọ́ nídìí ata àti tòmátò ní Mile 12, òun ló ń jókòó ti ọsàn àti ọ̀pẹ̀-òyìnbó lọ́jà èso Kétu. Bó bá lọ sí pápá, ta ni yóò ṣe iṣẹ́ yẹn, ta ni yóò sì ṣọ́ ọ lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin tó ń rìn kiri? Ìbéèrè gidi ni, ìdí nìyí tí ìdíje tí ilé ẹ̀kọ́ ṣètò fi sàn ju ti òpópónà lọ. Ilé ẹ̀kọ́ mọ iye ọmọ tó mú jáde, ó sì gbọ́dọ̀ dá iye kan náà padà. Ó lè fi olùkọ́ obìnrin tì wọ́n lẹ́yìn. Ọjọ́ tí ìyá ti mọ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú kò lè ba ọjà rẹ̀ jẹ́ bí èyí tí wọ́n kéde lójijì. Bí àwọn òbí kan bá sì ń ṣàníyàn nípa aṣọ, àwọn tó ń ṣòfin bọ́ọ̀lù lágbàáyé ti fọwọ́ sí ìborí fún obìnrin láti ọdún 2014, nítorí náà ọmọ Mùsùlùmí lè gbá bọ́ọ̀lù láì ṣí orí sílẹ̀. Wọ́n tún ń sọ pé ẹnikẹ́ni kò ní wá wo eré ọmọbìnrin. Èrò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ló wo àṣekágbá Ottawa lọ́dún 1990, nínú eré tí ọ̀pọ̀ wọn kò rí obìnrin ṣe rí. Ó dájú pé àwọn ará Ìkòsì yóò jáde wo ọmọ tí wọ́n mọ ìyá rẹ̀.

Lẹ́yìn Rabat, ìjọba àpapọ̀ ṣèlérí ọ̀kẹ́ márùn-ún dọ́là fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ilé oníyàrá mẹ́ta. Ó tọ́ sí wọn láìkù síbì kan, n kò sì bá ẹnikẹ́ni ṣe ìlara. Ṣùgbọ́n ìgbẹ̀yìn ìrìn àjò ni owó yẹn ti pàdé wọn, lẹ́yìn tí wọ́n ti la gbogbo rẹ̀ já. Ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn náà, níbi tí ọmọ ọdún mọ́kànlá ti nílò bàtà, olùkọ́ àti ọjọ́ kan tó dájú, wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn alága tí a dìbò yàn ní Èkó ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2025 ní ọdún mẹ́rin lórí àga. FIFA ní tirẹ̀ ti kéde pé ọdọọdún ni ife àgbáyé àwọn ọmọbìnrin tí kò ju ọdún mẹ́tàdínlógún lọ yóò máa wáyé ní Morocco, láti 2025 títí di 2029. Ọmọ tí wọ́n bí ní Kosofe ní ọdún 2012 ṣì lè gbá èyí tó kẹ́yìn nínú wọn. Ọjọ́ ti Morocco ti wà nílẹ̀. Ti Kétu ni a ń retí.